Màmá Àgbà àti Ọ̀rọ̀ “Obìnrin Kan”

Láti ìgbà tí a ti sin Màmá Àgbà ni mo ti ń tú àpótí ìwé mẹ́ta tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìwé ìfẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀: àwọn ìwé òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ tí èèpo wọn ti ń ṣí, irú èyí tí ọkùnrin kan ti ń gbá obìnrin kan mọ́ra létí òkun tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ irun àwọn méjèèjì. Kò sí èyí tí wọn kò fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí etí rẹ̀. Lẹ́tà wọn kéré, ó sì dúró ṣánṣán, gẹ́gẹ́ bíi ti tíṣà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé sójú pátákó. Mo retí pé n óò bá ọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ níbẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni mo ń bá láti ìwé dé ìwé: “Níbo ló lọ?”

Wọ́n máa ń kọ ọ́ síbi tí òǹkọ̀wé bá ti gbàgbé ẹnì kan. Ọ̀rẹ́ tó gbé lẹ́tà olólùfẹ́ lọ ní orí kejì tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Awakọ̀ tó dúró nínú òtútù títí àwọn tó gbé wá fi fẹnu ko ara wọn lẹ́nu tán. Àbúrò ìyàwó tí a mú wọlé kí ó lè sunkún fún ojú ìwé kan péré. Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbà, ìbéèrè náà a yí padà díẹ̀: “Níbo ni wọ́n lọ?” Nínú ìwé kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ọkọ àti ìyàwó ti wọ ilé tuntun wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín, Màmá Àgbà kọ ọ́ pé: “Ta ló gbá ilé náà kí àwọn wọ̀nyí tó dé?”

Mi ò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn síbí. Ìwé ètò ìsìnkú ti sọ ibi tí a bí wọn sí, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ni, bí wọ́n ṣe bá Bàbá Àgbà wá sí Monrovia, àti iye ọmọ tó gbẹ̀yìn wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni irú ojú tí wọ́n fi ń wo ènìyàn, àti ìgbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ojú náà fo ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ rí.

Ogun abẹ́lé Làìbéríà ti parí nígbà tí mo gbọ́n tó láti jókòó láàárín àwọn àgbà. Ilé wa wà ní Bushrod Island, létí títì tó lọ sí èbúté Freeport. Fèrèsé pálọ̀ tó kọjú sí títì kò tíì ní gíláàsì; ọ̀rá funfun ni a fi dí i. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwọn obìnrin ìjọ wa á kó ara wọn jọ sí pálọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ báńkì wà, ìyàwó pásítọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ka òyìnbó fúnra wọn. Síbẹ̀, ohun tó ń gbé wọn wá ni pé Màmá Àgbà á ṣí ìwé ìfẹ́ lé itan, wọn á fi ojú ka òyìnbó tó wà níbẹ̀, wọn á sì máa fi ẹnu sọ ọ́ jáde ní Yorùbá, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, láì kọsẹ̀. Bí tírélà bá ń kọjá lọ sí Freeport, ariwo rẹ̀ a bo gbogbo ilé. Màmá Àgbà á gbé ìka sókè. Gbogbo wa á dúró, dókítà àti nọ́ọ̀sì inú ìwé náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ètè tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, títí tírélà fi lọ.

Ẹni tó ń darí ẹjọ́ nínú pálọ̀ náà ni Sístà Fọláṣadé, òṣìṣẹ́ báńkì kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Òun ló máa ń pín àwọn olùgbọ́ sí méjì. Nínú ìwé kan tí ó gbà wá ní oṣù púpọ̀, nọ́ọ̀sì kan wà láàárín dókítà àti lọ́yà, kò sì pẹ́ rárá tí pálọ̀ fi ní ẹgbẹ́ dókítà lápá ọ̀tún, ẹgbẹ́ lọ́yà lápá òsì. Ìyàwó pásítọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ lọ́yà, ó sì lè fi ọjọ́ kan jà fún lọ́yà náà bí ẹni pé ó bí i. Àwọn tó kù nínú ìwé, Sístà Fọláṣadé ní orúkọ kan fún gbogbo wọn pọ̀: èrò ọkọ̀.

“Ẹ fò ó, Màmá,” ló máa ń sọ. “Ti àbúrò nọ́ọ̀sì yẹn kọ́ la bá wá. Ẹ gbé wa padà sọ́dọ̀ dókítà.”

“Àbúrò nọ́ọ̀sì náà ní orúkọ,” ni Màmá Àgbà dáhùn lọ́jọ́ kan.

“Ẹ̀n-ẹ́n, ó ní orúkọ. Èrò ọkọ̀ náà ní orúkọ. Ṣé orúkọ èrò la fi ń dé Paynesville ni?”

Pálọ̀ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Màmá Àgbà pa ìwé dé, wọ́n fi ìka kan sílẹ̀ sáàárín rẹ̀, wọ́n sì dúró kí ẹ̀rín náà tán pátápátá, bí wọ́n ṣe máa ń dúró de kíláàsì. Wọ́n wá bi í pé, “Fọláṣadé ọmọ mi, inú ọkọ̀ ta lo rò pé ìwọ fúnra rẹ wà?”

Iṣẹ́ mi lónìí ni kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń ka ìwé. Mo ti ka ọ̀pọ̀ nǹkan lórí bí àwọn olólùfẹ́ ìwé ìfẹ́ ṣe ń bá àwọn ènìyàn ẹ̀gbẹ́ inú ìtàn lò: bí wọ́n ṣe ń gbé ẹlòmíràn gẹ̀gẹ̀ ju bí òǹkọ̀wé ti fẹ́ lọ, tí wọ́n sì ń fi ẹlòmíràn ṣe ẹni àpatì. Mi ò tíì rí ibi tí a ti sọ ọ́ tó yé mi tó bí ó ti yé mi nínú pálọ̀ yẹn. Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé àánú òǹkàwé kì í tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, àti pé obìnrin ni kì í sábà kàn.

Dókítà inú ìwé náà ti ní àfẹ́sọ́nà tẹ́lẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lùsíà. Kò sí ohun búburú tí Lùsíà ṣe ju pé ó ṣì fẹ́ràn ọkùnrin náà. Àwọn obìnrin wa kórìíra rẹ̀ dé ibi pé nọ́ọ̀sì gidi tó wà láàárín wọn bura pé bí wọ́n bá gbé e wá sí wọ́ọ̀dù òun, òun á kọ́kọ́ lọ jẹun. Sístà Fọláṣadé kò lè dúró de ìparí ìwé. Ó ra ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì kọ ìparí tirẹ̀, èyí tó gbé gbogbo wọn wá sí Monrovia. Ní ojú ìwé kẹta, tírélà tó ń ti Freeport bọ̀ tẹ Lùsíà pa.

Màmá Àgbà gba ìwé náà, wọ́n fi báírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n sì fún un ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

“Kí ló ṣe tó fi kú?”

“Ó dí wa lọ́nà ni, Màmá.”

“Lọ́yà purọ́ fún nọ́ọ̀sì ní orí kẹrin. Kí lẹ ṣe fún un?”

“A ti dárí jì í ná. Ọkùnrin ni, ó rẹwà.” Ẹgbẹ́ lọ́yà pàtẹ́wọ́.

“Ó purọ́, ẹ dárí jì í. Ọmọbìnrin yìí fẹ́ràn ẹni tí kò fẹ́ ẹ mọ́, ẹ gbé tírélà lé e lórí.” Wọ́n dá ìwé náà padà fún un. “Lọ tún un kọ. Jẹ́ kó wà láàyè, kí o sì wá iṣẹ́ fún un.”

Sístà Fọláṣadé tún un kọ lóòótọ́. Lùsíà ṣí ilé búrẹ́dì sí Sinkor, búrẹ́dì náà sì tà débi pé dókítà ni ó wá ń tò lórí ìlà.

Ibi tí Màmá Àgbà ti le jù ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Òyìnbó kò ní “wọ́n” tí a fi ń bu ọlá fún ẹnì kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tó bá ń sọ ìtàn òyìnbó ní Yorùbá ní láti pinnu fúnra rẹ̀ ẹni tó máa jẹ́ “ó” àti ẹni tó máa jẹ́ “wọ́n”. Àwọn obìnrin wa fi “wọ́n” fún bàbá dókítà, ẹni tó ní ilé àti ilẹ̀. Arúgbó obìnrin kan wà nínú ilé ìdáná dókítà náà tí òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ fún lórúkọ. Alásè ni ó ń pè é ṣáá. Màmá Àgbà fi “wọ́n” fún alásè náà láti ọjọ́ kìíní. “Wọ́n gbé ọbẹ̀ wọlé. Wọ́n rí lẹ́tà náà lórí tábìlì. Wọ́n fi í pamọ́ sínú ìyẹ̀fun.”

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Òyìnbó Làìbéríà ni mo ń sọ nílé ẹ̀kọ́ àti lójú pópó, Yorùbá mi kò sì ju ti inú ilé àti ti ìjọ lọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń ya ohun tí mo ń gbọ́. Nígbà tí ìtàn parí lọ́jọ́ náà, Màmá Àgbà gba bébà náà lọ́wọ́ mi.

“Ta ni àwọn wọ̀nyí?”

“Àwọn alásè.”

“Mélòó ni wọ́n?”

“Mẹ́ta.”

“Ta ló sọ pé mẹ́ta ni wọ́n?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ ní ‘wọ́n’. Ọ̀kan ń se ọbẹ̀, ọ̀kan ń fọṣọ, ọ̀kan ló rí lẹ́tà.”

Sístà Fọláṣadé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kúrò lórí àga. “Yéè! Èdè Monrovia ti ba ọmọ yìí jẹ́! Màmá, ẹ ò rí ohun tí ọ̀wọ̀ yín dá sílẹ̀? Ẹ bá wa pe alásè yẹn ní ‘ó’ kí ilé dókítà lè ráyè.”

Ojú tì mí, mo sì ti ń wá ibi tí n óò sá sí. Màmá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi gúlúù lẹ bébà náà mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Bàbá Àgbà, wọ́n sì sọ fún gbogbo wọn pé, “Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ yìí ka ìwé náà ju yín lọ.”

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú ìwà bẹ́ẹ̀ máa ń rọrùn fún ẹni tó ń bá wọn gbé. Bí a bá ti ibi ìgbéyàwó dé, wọn kò ní bi wá nípa aṣọ ìyàwó. Wọ́n á fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó lu dùùrù, ẹni tó di irun, àti bóyá ẹni tó ya fọ́tò rí oúnjẹ jẹ. Wọ́n máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ènìyàn kí gbólóhùn tó parí. Nígbà kan pásítọ̀ ń wàásù nípa ọmọ onínàákúnàá, Màmá Àgbà sì na ọwọ́ sókè láàárín ìwàásù láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó pa màlúù. Ìyá mi fi aṣọ bojú. Pásítọ̀ ní Bíbélì kò sọ. “Mo mọ̀ pé kò sọ,” ni wọ́n fèsì, “ẹ̀yin ni mo bi.”

Mo ti fi ẹnì kan sílẹ̀ títí di ìsinsìnyí, mo sì mọ ìdí rẹ̀: bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ṣe fi í sílẹ̀.

Ma Músù ni à ń pè wọ́n. Ọmọ Làìbéríà ni wọ́n, wọ́n dàgbà ju Màmá Àgbà lọ díẹ̀, wọ́n ń yan ẹja tà ní New Kru Town. Kò sí Sátidé tí wọn kì í wá. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń jókòó sí nítorí atẹ́gùn. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá wọn ní àbùkù kan tó dùn mọ́ wa: ọwọ́ ìyá mi ni wọ́n ti kọ́ ọ, nígbà tí ìyá mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá mi sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ma Músù gbà pé bí èdè náà ti rí nìyẹn fún gbogbo ayé. “Ẹ” ni wọ́n ń pe ọmọ ọwọ́. “Ẹ” ni wọ́n ń pe adìyẹ: “Ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ má ṣu sórí bàtà mi!”

Ma Músù kò sí nínú ẹgbẹ́ dókítà, wọn kò sí nínú ti lọ́yà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì inú ìwé ti sunkún láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn obìnrin pálọ̀ ń nu ojú, ohùn Ma Músù dún láti ẹnu ọ̀nà: “Ọmọ yìí ti ń ké láti àárọ̀. Kí ló jẹ?”

A mọ̀ pé nígbà ogun, inú ilé páànù Ma Músù ni Màmá Àgbà àti ìyá mi sá pamọ́ sí. A mọ̀ ọ́n bí a ṣe ń mọ nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sọ fúnni. Ìtàn tí ìjọ mọ̀ yàtọ̀. Ìtàn Bàbá Àgbà ni. Èbúté Freeport ni Bàbá Àgbà ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n há sínú ilé ìkẹ́rù kan níbẹ̀, láì mọ̀ bóyá ìyàwó àti ọmọ wọn wà láàyè. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ́, ìfẹ́ ló gbé wọn dìde: àwọn nìkan, láì ní ohunkóhun lọ́wọ́, wọ́n rìn kọjá àwọn oníbọn títí wọ́n fi dé New Kru Town, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn tí ìyàwó wọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tí Bàbá Àgbà kú, Màmá Àgbà ló wá ń sọ ọ́ ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ìjọ ń gbàdúrà fún irú ọkọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Màmá Àgbà máa pé ẹni àádọ́rin ọdún, mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ní Sátidé kan kí ayẹyẹ rẹ̀ tó dé, Sístà Fọláṣadé sọ pé ìwé tí a óò gbọ́ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ òun ló ti wá. Ó ti kọ ìtàn Bàbá àti Màmá Àgbà bí ìwé ìfẹ́ gan-an, pẹ̀lú òṣùpá àti ẹ̀fúùfù òkun, ó sì fẹ́ kí a gbọ́ ọ kí òun tó kà á ní gbọ̀ngàn ìjọ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ó kà á dáadáa. Ó dé ibi tí ogun ti dé.

“‘Obìnrin kan ládùúgbò náà gbà wọ́n sílé. Ó ń ta ẹja. Lójoojúmọ́ ni olólùfẹ́ wa ń wo ojú ọ̀nà...’”

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, ó sì ti padà sọ́dọ̀ Bàbá Àgbà ní Freeport. Nígbà tó fi parí, àwọn obìnrin ń sunkún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ma Músù dìde lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tún ìró wọn ró.

“Obìnrin kan,” ni wọ́n sọ. “Èmi ni obìnrin kan?”

“Ah, Ma Músù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ni Sístà Fọláṣadé wí. “A ò kàn fẹ́ kí ìtàn gùn jù ni.”

“Ẹsẹ̀ mi gùn tó láti dé Freeport. Ìtàn yín ni kò gùn tó.”

Wọ́n bọ́ sí títì. Sístà Fọláṣadé yíjú sí Màmá Àgbà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Màmá, mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní ‘obìnrin kan ládùúgbò’.”

Mo wo Màmá Àgbà. “Òótọ́ lo sọ,” ni wọ́n wí.

Ma Músù kò wá ní Sátidé kejì. Wọn kò wá ní ìkẹta. Àwọn tó lọ ra ẹja lọ́wọ́ wọn ròyìn pé Ma Músù ní àwọn kò mọ ọ̀nà ilé wa mọ́. Màmá Àgbà ní kí ìjọ dá ayẹyẹ dúró. Wọn kò ṣí ìwé kankan. Èmi ni mò ń bá wọn bó ẹ̀pà ní ilé ìdáná ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà fún mi, láì gbójú sókè.

Ma Músù ló rìn. Wọ́n gbé abọ́ ẹja lérí bí ẹni tó ń lọ ọjà, wọ́n kọjá lára àwọn oníbọn, wọ́n wá Bàbá Àgbà kiri nínú àwọn ilé ìkẹ́rù Freeport, wọ́n rí wọn, wọ́n sì mú wọn bọ̀. “Bàbá Àgbà yín ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ́nà kejì yẹn,” ni Màmá Àgbà wí. “Ìgbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀ ni. Ó ń dùn mọ́ wọn, ó ń jẹ́ kí wọ́n jẹun. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kú, mo ní kí n má já a gbà lọ́wọ́ wọn. Ó wá di pé èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀pà dànù. “Gbogbo ìwé tí mo kà, mo ń wá ẹni tí òǹkọ̀wé gbàgbé. Èmi nìyí.”

Lọ́jọ́ kejì, a rìn lọ sí New Kru Town, èmi àti wọn. Ma Músù wà nídìí ààrò, wọ́n ń yí ẹja padà nínú èéfín. Wọn kò wo ẹ̀yìn.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ma Músù.”

“Ẹ kú àbọ̀. Obìnrin kan ò sí nílé.”

Màmá Àgbà mú abọ́ kan, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n jókòó lé e nínú aṣọ àtàtà wọn. “Mo wá tọrọ àforíjì.”

“Níbí? Ẹja nìkan ló ń gbọ́ níbí. Níwájú àwọn èèyàn lẹ ti fi mí sílẹ̀, Tíṣà. Ẹ lọ tọrọ ẹ̀ níbẹ̀.”

“Bí mo bá tún un sọ níwájú ìjọ, wọ́n á ní Bàbá purọ́. Wọ́n ti kú, wọn ò lè gbèjà ara wọn.”

Ma Músù yí ẹja mẹ́ta sí i kí wọ́n tó dáhùn. “Bàbá mọ ẹni tó mú wọn wálé. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bẹ̀rù.”

Nǹkan méjì ni Màmá Àgbà ní láti yàn láàárín wọn, méjèèjì ló sì ṣọ̀wọ́n: orúkọ rere ọkọ tí wọn kò lè rí mọ́, àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n ṣì ń rí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ̀wé. Mo rí bébà náà lórí tábìlì. Ibi gbogbo tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ “mo”, wọ́n ti fa ìlà pupa gba inú rẹ̀ kọjá.

Ayẹyẹ wá wáyé. Gbọ̀ngàn ìjọ kún. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ma Músù, Ma Músù sì dé, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n dúró sí, ẹsẹ̀ wọn kò kọjá ìloro. Màmá Àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé àkàrà òyìnbó. Wọ́n fi awò wọn sójú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

“‘Ní New Kru Town, ìyá kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Músù. Wọ́n ń yan ẹja, kò sì sí ẹni tó yan án tó wọn. Nígbà ogun, obìnrin àlejò kan wá kan ilẹ̀kùn wọn, ó fa ọmọ lọ́wọ́. Kò gbọ́ èdè àdúgbò. Kò mọ ọ̀nà omi. Ẹkún nìkan ló mọ̀ ọ́n sun. Ma Músù fún un ní ẹní, wọ́n fún ọmọ rẹ̀ ní oúnjẹ wọn...’”

Ìyàwó pásítọ̀ fara mọ́ Sístà Fọláṣadé, ẹni tó jókòó níwájú mi. “Ta ni obìnrin àlejò yẹn?”

“Màmá ni,” ni Sístà Fọláṣadé dáhùn. “Wọ́n ti sọ ara wọn di ‘ó’.”

Màmá Àgbà ń kà lọ. Wọ́n ka ti abọ́ ẹja tí Ma Músù gbé lérí, wọ́n ka ti àwọn oníbọn, wọ́n ka ti ọkọ obìnrin àlejò náà tó jókòó sínú ilé ìkẹ́rù, tí ẹ̀rù ń bà, tí ẹ̀rù náà sì tọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, ẹni tó ti bá Bàbá Àgbà ṣiṣẹ́ ní èbúté, kò lè mú un mọ́ra. Ó dìde.

“Màmá, ẹ gbà mí láyè. Ṣé ohun tí ẹ̀ ń sọ ni pé Bàbá ò rìn ín ni?”

Màmá Àgbà wò ó láti òkè awò. “Wọ́n rìn ín. Ẹ̀yìn Ma Músù ni wọ́n ń tẹ̀ lé.”

Àgbà ìjọ náà jókòó. Mo gbọ́ tí ẹnì kan fa bàtà lórí sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà.

“Ó kù,” ni Ma Músù wí.

“Kí ló kù?” ni Màmá Àgbà béèrè.

“Òjò. Ẹ ò kọ òjò síbẹ̀.” Wọ́n ti wọlé. Wọ́n ń rìn bọ̀ láàárín àwọn àga, wọn kò sì sáré. “Òjò ń rọ̀ gan-an lọ́jọ́ náà. Òjò yẹn ló jẹ́ ká kọjá. Àwọn oníbọn sá sábẹ́ páànù, wọn ò fẹ́ tutù. Mo sọ fún Bàbá pé ká máa lọ nísinsìnyí, ká má dúró kó dá.”

Màmá Àgbà bọ́ awò wọn. Wọ́n ti dìde, wọ́n sì ń fa àga wọn kúrò nídìí tábìlì, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí Ma Músù.

“Mi ò mọ̀,” ni wọ́n sọ. “Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò mọ ti òjò. Mi ò tiẹ̀ bi yín rí.”

Ma Músù jókòó sórí àga náà. Wọ́n wo gbogbo wa yíká, wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn tó ṣì dúró, wọ́n nawọ́ sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Ẹ jókòó, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì dé Freeport.”